Ọkùnrin Tí Kò Gun Àtẹ̀gùn

Ọwọ́ rẹ̀ ni Bọ́dúndé kọ́kọ́ rí. Ó ń bọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tàdáwà dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, bí ó ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Alhaja Sàwúdátù ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, tí ó rí obìnrin kan tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri. Kò gbá ògiri náà, kò sì fi ìka họ ọ́ bí àwọn tí ń wá ilé ti máa ń ṣe. Ó rọra gbé ọwọ́ lé e bí ìyá ti í gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ó sì dákẹ́.

Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́. Ìrìn ọjọ́ náà ti ṣí i nísàlẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé onípákó wọlé, ó bà lé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Bọ́dúndé gbàgbé pé ebi ń pa òun.

"Ògiri yìí ti dàgbà," obìnrin náà wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ṣùgbọ́n ó gbẹ. Kò mu omi."

Ẹwàolúwa Àbáyọ̀mí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì ń ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan ní Àkókà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan fẹ́ lọ ilé ọkọ, nítorí náà ni ó fi ń rìn káàkiri Bàrígà. Yàrá kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń lé e jáde níbi gbogbo: "Ọkọ yín ńkọ́?"

Godspower, èjẹ́ǹtì tó mú un wá, mọ ìbéèrè náà dáadáa. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ báyìí. Tí Alhaja bá ti jáde, ẹ ṣáà sọ pé ọkọ yín wà ní Àbújá. Iṣẹ́ ìjọba. Ta ló fẹ́ lọ wò ó? Nó wàhálà."

"Ṣé nínú yàrá náà ni n ó ti máa gbàdúrà?"

"Ẹ̀ẹ́ gbàdúrà, ẹ̀ẹ́ kọrin, ẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀."

"Kí ni n ó wá máa sọ fún Ọlọ́run nípa ọkọ mi tó wà ní Àbújá?"

Bọ́dúndé, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Alhaja Sàwúdátù jáde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Alhaja, opó ni, ojú rẹ̀ mú, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ojú lọ. Ọkọ rẹ̀ ni ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ní ayé àtijọ́. Nísàlẹ̀, yàrá kọjú sí yàrá. Lókè, yàrá méjì péré ni ó wà, àtẹ̀gùn onípákó ni wọ́n sì ń gbà débẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà láàrin yàrá méjèèjì, ṣùgbọ́n Alhaja ti fi pákó àti ìṣó kàn án pa. Ẹrù olóògbé ọkọ rẹ̀ wà nínú ọ̀kan. Èkejì ni ó fẹ́ fi háyà.

"Ọkọ yín ńkọ́?" Alhaja bi í.

"N kò tíì ní ọkọ, mà."

Godspower wo òkè ilé bí ẹni tí orí ń fọ́.

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mà. Ẹ̀ẹ́ rí i tó bá wá sí Èkó."

"Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà. Èmi kì í gba obìnrin tó dá wà láìsí onídùúró. Ẹni tí mo mọ̀, tí mo lè di mú. Ṣé ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yìí?"

Ẹwàolúwa wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "N kò ní, mà. Ẹ ṣé, mà." Ó tẹ̀ba láti wọ bàtà náà kó lè máa lọ.

"Ó ní," ohùn kan wí. "Èmi ni."

Gbogbo wọn yíjú sí Bọ́dúndé. Òun fúnra rẹ̀ dúró bí ẹni tí ẹlòmíràn ti ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"O mọ̀ ọ́n ni?" Alhaja bèèrè.

"Rárá, Alhaja. Ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."

"O kò mọ̀ ọ́n, o fẹ́ dúró fún un?"

"Mo gbọ́ ohun tó sọ fún èjẹ́ǹtì. Ẹni tí kò fẹ́ fi irọ́ wọlé, kò níí máa fi irọ́ gbé inú ilé."

Alhaja wò ó pẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ń kọjá lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbọ́ òfin ilé mi, ìwọ ọmọ Bàptíìsì. Ẹni tó bá dúró fún obìnrin níbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dà. Kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn yìí lọ bá a. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá kan àtẹ̀gùn yìí nítorí rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń kó jáde. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Alhaja."

"Àtẹ̀gùn," Alhaja tún un sọ, ó sì na ìka sí i, kí ó má bàa sọ pé òun kò mọ èyí tí ó ń wí.

Báyìí ni Ẹwàolúwa ṣe rí yàrá gbà.

Ẹni tí ó bá ti gbé ilé àtijọ́ rí yóò mọ̀ pé ilé ní ìwà tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé náà ń ké bí ewúrẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń wú ní ìgbà òjò. Omi kò gun òkè. Láti ayé ọkọ Alhaja ni wọ́n ti so okùn mọ́ irin fàráńdà òkè, tí wọ́n fi ń fa korobá omi láti ẹ̀bá kànga. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, Ẹwàolúwa sọ korobá kalẹ̀, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá pọn omi sí i, ṣùgbọ́n okùn náà ti wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọjú wo ìsàlẹ̀. Ó rí àtàrí Bọ́dúndé tí ń padà lọ sí yàrá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọjọ́ kejì, àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó ṣe, korobá náà gòkè, ó fúyẹ́. Búrẹ́dì ni ó wà nínú rẹ̀, ó ṣì gbóná.

"Brọ̀dá Bọ́dúndé," Ẹwàolúwa pè láti òkè, "omi ni mo sọ korobá fún."

"Kànga ti gbẹ lónìí, Tíṣà. Búrẹ́dì ló ń sun."

"Ṣé Alhaja fọwọ́ sí i?"

"Alhaja ṣòfin fún àtẹ̀gùn. N kò gbọ́ tí wọ́n dárúkọ korobá."

Munirat, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Bọ́dúndé, gbé orí sókè lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì yìí, ẹ gbọ́n o. Èmi náà fẹ́ kó máa sun búrẹ́dì fún mi."

Iṣẹ́ Bọ́dúndé ni láti tẹ ìwé ètò ìsìn fún àwọn ìjọ tó wà ní agbègbè náà, nítorí náà kò pẹ́ tí korobá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé. Ẹwàolúwa a kà á, a fi bírò pupa ṣe àtúnṣe bí ó ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, a sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Ẹ gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe jù báyìí lọ. Bọ́dúndé a rẹ́rìn-ín ní òun nìkan nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀gá rẹ̀ a sì bi í léèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nínú ètò ìsìnkú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n jọ ń rìn lọ sí ilé ìsìn ní Ṣómólú, Bíbélì àti ìwé orin lábẹ́ apá. Ẹ̀gbẹ́ akọrin ni Ẹwàolúwa jókòó sí. Bọ́dúndé ń kọ́ àwọn ọmọdé. Lójú ọ̀nà ni Ẹwàolúwa ti gbọ́ ìtàn Bọ́dúndé. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó gbọ́n. Ìyá rẹ̀ ta bírò àti ìwé ní Fádèyí títí àìsàn fi mú un lọ, àwọn ará ìjọ ni wọ́n sì tọ́ ọ. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò.

"Nítorí náà lẹ ṣe dúró fún mi?" Ẹwàolúwa bi í.

"Mo mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá béèrè pé ta lo ní, tí èèyàn kò ní ẹni tó máa dárúkọ."

Ohùn Ẹwàolúwa nínú orin ìdúpẹ́ ní ọjọ́ náà mú kí olórí akọrin yí ojú wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìfẹ́ wọ inú ilé náà bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti í wọ yàrá, kò kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ayálégbé rí i. Alhaja náà rí i, ṣùgbọ́n bí korobá bá ti ń gòkè, a di ojú, a ṣe bí ẹni pé oorun ń kun òun. Bọ́dúndé nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó lè bu omi, ó lè ra búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kò lè sọ, nítorí ó ti ṣèlérí láti jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ẹwàolúwa fi ìgbọ̀nwọ́ lé irin fàráńdà. "Brọ̀dá, tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan, ṣé korobá kò lè gbé e ni?"

Bọ́dúndé gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ mìíràn wúwo, Ẹwà. Okùn lè já."

"Okùn yìí lágbára ju bí ẹ ti rò lọ," ó wí, ó sì wọlé.

Nígbà tí òjò dé, òrùlé dalẹ̀. Omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì Ẹwàolúwa, ó ń kán sórí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Alhaja ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdé. Ní Sátidé kan, Bọ́dúndé yá àkàsọ̀ gíga kan ní ilé ìtẹ̀wé, ó gbé e ti ògiri lóde, ó sì gun òrùlé pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu.

"Bọ́dúndé!" Alhaja ké láti ìsàlẹ̀.

"Àkàsọ̀ ni, Alhaja! Kì í ṣe àtẹ̀gùn!"

Alhaja wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Munirat búra pé òun gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni Díákónì Àbáyọ̀mí yàn láti wá wo ilé tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá pẹ̀lú àpò gààrí àti àpò iṣẹ́ rẹ̀, nítorí gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó sì gbà pé kò sí ilé ọmọ tí kì í fẹ́ ìṣó níbì kan. Ó dúró lójú títì, ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan lórí yàrá ọmọ rẹ̀.

"Ta ni ọ̀gbẹ́ni yẹn?" ó bi Munirat.

"Onídùúró Tíṣà ni, Bàbá. Ọkùnrin tí kì í gun àtẹ̀gùn."

"Onídùúró? Ta ló mọ̀ ọ́n fún wa? Níbo ni wọ́n ti pàdé?"

"Níhìn-ín náà ni, Bàbá. Lọ́jọ́ tí Tíṣà wá gba ilé."

Ojú Díákónì yí padà. "Sọ̀kalẹ̀," ó ké sókè. Kò tíì sí ẹni tí ohùn Díákónì pè tí kò sọ̀kalẹ̀.

Bọ́dúndé dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹwàolúwa sáré jáde, ó kúnlẹ̀. Díákónì kò tíì kí ẹnikẹ́ni.

"O kò mọ ọmọ mi, o dúró fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwé Mímọ́ kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tó bá dúró fún àlejò. Ìyọnu ni yóò rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe é, ó jẹ́ òmùgọ̀, tàbí ó ní ohun tí ó ń wá. Èwo ni ìwọ?"

Bọ́dúndé dákẹ́.

"Ọmọ ta ni ọ́? Ta ni mo lè bi léèrè ìwà rẹ?"

"Àwọn òbí mi ti lọ, sà. N kò ní ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò dúró fún un, òun ló ń dúró fún ẹlòmíràn." Díákónì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tí oṣù yìí bá parí, ilé àǹtí rẹ ní Ìkòròdú lò ń kó lọ. N kò fẹ́ jiyàn."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní n kò fẹ́ jiyàn."

Ó gbé ẹsẹ̀ láti máa lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí òrùlé. Ó dúró. Ó pòṣé. "Ta ló ń kan ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ kòtò páànù? Orí ibi tó yọ ni wọ́n ń kàn án sí." Pẹ̀lú ìbínú rẹ̀ náà, ó yọ òòlù, ó gun àkàsọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo rẹ̀ kàn, nítorí kò lè sùn bí ó bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bọ́dúndé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán, di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí àgbà náà fi sọ̀kalẹ̀. Díákónì kò dúpẹ́. Ó gba ọ̀nà Fádèyí lọ wọ ọkọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Bọ́dúndé lọ jókòó níwájú Alhaja.

"Alhaja, mo wá dá ọ̀rọ̀ mi padà. N kò lè jẹ́ onídùúró Ẹwàolúwa mọ́."

"Bàbá rẹ̀ ló dẹ́rù bà ọ́."

"Rárá. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá, mo sì dákẹ́, nítorí òótọ́ ni pé mò ń wá nǹkan. Kì í ṣe lọ́jọ́ tí mo dúró fún un, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. N kò sì lè sọ ọ́ fún un nígbà tí yàrá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ kọ̀ mí ńkọ́? Yóò máa rò ó pé òun máa pàdánù ilé. Mo fẹ́ kó ẹrù mi kúrò níbí, kó lè kọ̀ mí tó bá wù ú."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alhaja. Inú yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀ ni Bọ́dúndé ti ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ni ó lè pè ní ilé.

"Ǹjẹ́ o mọ ìdí tí mo fi ṣe òfin yẹn?" Alhaja bèèrè, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ayé ọkọ mi, ọmọbìnrin kan gbé òkè yẹn. Kausarat. Ọkùnrin kan dúró fún un lójú gbogbo wa. Ó sì ń gba owó ìdúró náà lára ọmọ náà ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe náírà. A kò mọ̀ títí ọmọ náà fi sá lọ. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe àwọn obìnrin ni mò ń ṣọ́ nínú ilé yìí, Bọ́dúndé. Àwọn onídùúró ni."

Bọ́dúndé tẹ orí ba.

"Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá ìdúró padà nítorí kí ọmọbìnrin lè ní ẹnu láti kọ̀ ọ́." Alhaja nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. "Máa kó ẹrù rẹ. Kí ọmọ náà má mikàn. Èmi ni n ó dúró fún un. Ta ló fẹ́ bi mí léèrè nínú ilé mi?"

Nígbà tí Ẹwàolúwa dé láti Àkókà ní ọjọ́ Ajé, àgádágodo mìíràn ni ó rí lára ilẹ̀kùn Bọ́dúndé.

"Ó ti kó lọ," Munirat wí. "Ilé ìtẹ̀wé ló ń sùn sí. Kò sọ ìdí fún mi, mo sì bi í dáadáa."

Ẹwàolúwa gòkè. Ó fa okùn. Korobá náà ṣófo. Ó jókòó ti ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn pa, ó fi ìwé orin bo ojú, ó sì bẹ Olúwa pé bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bàbá òun ló lé ẹni rere náà lọ, kí Ó mú un padà. Àdúrà kúkúrú ni. Olúwa gbọ́ tirẹ̀.

Ní Sátidé, ní ọ̀sán gangan, tí gbogbo ayálégbé wà nílé, Bọ́dúndé gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ni ó wọ̀, wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ ọ́ títí ó fi le. Ó ti fọ tàdáwà kúrò lábẹ́ èékánná. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Alhaja.

"Alhaja, àlejò ni mí nínú ilé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí Sísítà Ẹwàolúwa tó wà lókè."

Alhaja wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ ni onídùúró rẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Máa gòkè."

Munirat dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ilẹ̀kùn ń ṣí nísàlẹ̀, orí ń yọ. Bọ́dúndé gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, pákó náà dún, ọkàn rẹ̀ náà sì dún. Ẹwàolúwa ti jáde síbi tí àtẹ̀gùn parí sí, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu.

"Kí ló ṣe yín tí ẹ̀ ń gbọ̀n?" ó bi í, omijé àti ẹ̀rín jọ wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ti gun òrùlé mi. Àtẹ̀gùn lásán ló ń dẹ́rù bà yín?"

"Òrùlé kò lè kọ̀ mí."

"Ẹ ṣe lọ láìdágbére? Mo fa korobá, ó ṣófo."

"Dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni mo gbé wá fúnra mi." Ó kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ẹwà mi, yàrá rẹ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Alhaja ló ń dúró fún ọ. O lè sọ pé rárá, kò sí nǹkan kan tí yóò yí padà, àfi ọkàn mi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ láti ìgbà tí o gbé ọwọ́ lé ògiri yẹn. Ṣé o máa fẹ́ mi?"

Ẹwàolúwa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí rẹ̀ bí ó ti gbé e lé ògiri lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ó tẹ́tí díẹ̀.

"Èyí náà gbẹ," ó wí. "Mo gbà, olùfẹ́ mi. Ẹ dìde, kí sítáàṣì yín má bàa bàjẹ́."

Ariwo tó sọ nísàlẹ̀ mú kí àwọn ará òdìkejì títì yọjú.

Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ń bẹ níwájú. Díákónì gbà kí wọ́n wá kí oṣù náà tó parí, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lọ ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, Bọ́dúndé, Ẹwàolúwa, pẹ̀lú Alhaja Sàwúdátù tí ó wọ aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, agbọ̀n èso lórí itan. Nínú pálọ̀ Díákónì, ìyá Ẹwàolúwa gbé omi fún wọn, ó sì wo Bọ́dúndé pẹ̀lú ojú àánú. Díákónì kò rẹ́rìn-ín.

"Páásítọ̀ rẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù," ó wí. "Ó yìn ọ́. Ṣùgbọ́n páásítọ̀ mọ èèyàn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ta ni ó mọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Ajé?"

Bọ́dúndé ya ẹnu, kò tíì sọ̀rọ̀ tí Alhaja fi dìde.

"Èmi ni mo mọ ọjọ́ Ajé rẹ̀, Díákónì. Mo mọ Ìṣẹ́gun rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá kàn án láti gbálẹ̀ ilé, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, tí àwọn àlùfáà ń bọ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló pọn gbogbo omi àlùwàlá. Mo ní kó má gun àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ràn ọmọ yín, gbogbo wa mọ̀, kò gun ún. Nígbà tó fẹ́ gun ún, ó kọ́kọ́ fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní kò ní ẹni tí yóò dúró fún un. Ẹ wò mí dáadáa. Mo ti dúró."

Díákónì na ọwọ́ sí àga, kí Alhaja lè jókòó padà.

"Alhaja, ẹ ṣeun," Díákónì wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò yí padà. Ẹni tó bá dúró fún àlejò yóò rí ìyọnu."

Ẹwàolúwa, tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀, gbé ojú sókè.

"Bàbá mi, ìwé kan náà ló sọ fún wa pé Jésù ni onígbọ̀wọ́ wa. Àlejò ni wá nígbà tí Ó dúró fún wa. Òótọ́ sì ni, Ó rí ìyọnu náà. Ṣé nítorí náà, òmùgọ̀ ni? Àbí Ó ní ohun tí Ó ń wá?"

Díákónì wo ọmọ rẹ̀ títí. Nǹkan kan rọ̀ lójú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Nínú ìsìn ìdílé."

Àgbà náà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, Bọ́dúndé ni ó kọjú sí.

"Lọ́jọ́ yẹn ní Bàrígà, mo ti fi ọ̀rọ̀ gún ọ. Lẹ́yìn náà mo gun àkàsọ̀. Mo ti rò ó lókè pé bí ọmọkùnrin yìí bá jẹ́ ẹni tí mo rò, yóò mi àkàsọ̀ yìí díẹ̀, kí ẹ̀rù bà mí. Mo kan gbogbo ìṣó yẹn tán." Ó wọ awò ojú padà. "Àkàsọ̀ kò mì. Ìyẹn ti ń bá ọkàn mi jà láti ọjọ́ náà. Dìde, ọmọ mi."

Ìyá Ẹwàolúwa ni ó kọ́kọ́ dá orin. Alhaja kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ṣùgbọ́n ó pàtẹ́wọ́ sí i títí ó fi parí.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ilé ìsìn wọn ní Ṣómólú. Bọ́dúndé fúnra rẹ̀ ni ó tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó náà, ìyàwó sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Ó dára jù lọ. Munirat ran aṣọ rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń wò ó pé òun wà níbẹ̀ láti ìgbà búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará ilé náà ń sọ títí di òní ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Alhaja ti kó ẹrù ọkọ rẹ̀ kúrò ní yàrá kejì lókè fún tọkọtìyàwó náà. Ó ní olóògbé kò ní í bínú, ó fẹ́ràn ìgbéyàwó. Díákónì Àbáyọ̀mí bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, ó ká ọwọ́ bùbá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n ti kàn pa láti ọdún gbọọrọ. Ó ń fa ìṣó yọ, ó ń kọrin sínú. Bọ́dúndé di pákó mú fún un. Kò mì.

Nígbà tí pákó tó kẹ́yìn bọ́, Díákónì ti ilẹ̀kùn náà. Ó ké bí ewúrẹ́, ó sì ṣí. Afẹ́fẹ́ gba fèrèsé kan wọlé, ó gba èkejì jáde, yàrá méjì di ilé kan.

Ẹwàolúwa ṣa gbogbo ìṣó náà, ó dà wọ́n sínú korobá, ó sì rọra fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀bá kànga, níbi tí Alhaja jókòó sí lórí àga pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Alhaja yọjú wo inú rẹ̀. Kò di ojú lọ́tẹ̀ yìí, kò sì ṣe bí ẹni tó ń sùn.

"Ìyàwó," ó pè sókè, "ìwọ àti ọkọ rẹ, ta ló ń dúró fún ta báyìí?"

Àwọn méjèèjì yọjú lókè fàráńdà, èjìká kan èjìká. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà:

"Èmi ni."